Ahéré ni Yóò Kẹ́yìn Oko

Ọ̀rọ̀ kan ni ó bí àròkọ yìí. Ní ọjọ́ kan tí a péjọ láti jíròrò lórí ìtàn ilẹ̀ wa, ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní ohun tí a lè kọ nípa ilé kíkọ́ àwọn baba wa kò lè kún ojú ìwé kan, nítorí pé amọ̀ àti ewé ni wọ́n fi ń kọ́lé. Amọ̀ a máa yòrò, ewé a máa jẹrà, ohun tí kò bá sì pẹ́ kò ní ìtàn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Èmi kò ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò lè dá a lóhùn, nítorí pé nígbà kan rí èmi náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí etí ẹni tí ó bí baba mi, mo sì fi ojú mi rí ohun tí ó ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ìdáhùn tí n kò lè fọ̀ ní ọjọ́ náà ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Gbogbo wa ni a mọ òwe tí ó sọ pé, "Ahéré ni yóò kẹ́yìn oko, àtàn ni yóò kẹ́yìn ilé." Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro. Bí a bá ti kórè oko tán, tí igbó sì ti bo ebè, ahéré ni a ó ṣì máa rí níbẹ̀. Bí ilé bá sì wó, àtàn rẹ̀ ni yóò fi hàn pé ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà mi kì í pa òwe náà báyìí. Wọn a ní, "Ahéré ni yóò kẹ́yìn oko, àtà ni yóò kẹ́yìn ilé." Àtà ni ṣóńṣó òrùlé, níbi tí apá méjì òrùlé gbé pàdé. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, mo rò pé eyín tí ó ti kán lẹ́nu wọn ni ó gé ọ̀rọ̀ náà kúrú, èmi tí mo sì ti ka ìwé díẹ̀ a tilẹ̀ máa tún un ṣe fún wọn. Wọn a wò mí, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn kò sì jẹ́ yí i padà. Ẹ jẹ́ kí n fi òwe náà sí apá kan ná. N óò padà bá a ní ìparí.

Ahéré tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú igbó ní ìhà Òkè-Igbó, ní ibi tí ènìyàn gbé ní láti fi ojú ọ̀nà ọkọ̀ sílẹ̀ kí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn fún bí wákàtí kan kí ó tó débẹ̀. Bàbá àgbà kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1947, nígbà tí kòkó tí wọ́n gbìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so. Nígbà tí mo gbọ́n tó láti máa bá wọn sùn níbẹ̀, ahéré náà ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ó sì dúró ṣánṣán. Yàrá méjì ni ó ní, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan níwájú. Ògiri rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ, etí òrùlé sì wá sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọlé. Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ilé tí kò bá dé fìlà bo etí, òjò ni yóò fọ etí rẹ̀."

Nígbà ọlidé ni mo ń bá wọn tún ahéré náà ṣe, tí mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé rẹ̀ létòlétò, nítorí pé láìsí èyí kò sí bí a ti lè mọ ohun tí ó mú un pẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ ni ilẹ̀. Bàbá àgbà kì í kọ́lé sí àfonífojì níbi tí omi gbé ń sùn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í kọ́ ọ sí góńgó òkè níbi tí ìjì yóò gbé máa bá a jà. Ibi tí ilẹ̀ gbé dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀ ni wọ́n ń yàn, kí omi òjò lè rí ọ̀nà tirẹ̀ gbà lọ. Wọn a wo òkè kí wọ́n tó wo ilẹ̀: bí igi ńlá kan tí ó ti gbẹ bá wà nítòsí, wọn a gé e lulẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, wọn a kó erùpẹ̀ jọ sí ibi tí ilé yóò gbé dúró, wọn a fi igi gún un kí ó le, kí ìdí ilé lè ga ju ilẹ̀ tí ó yí i ká lọ.

Ohun kejì ni igi. Gbogbo igi kọ́ ni igi òpó. Ìrókò dára, apá náà dára, nítorí pé ikán kì í fẹ́ràn wọn. Síbẹ̀, bàbá àgbà a máa gbẹ́ funfun ara igi kúrò, wọn a sì mú inú rẹ̀ tí ó pọ́n, nítorí pé funfun náà ni oúnjẹ ikán. Wọn a fi iná jó ìdí òpó tí yóò wọ inú ilẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi dúdú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gé igi, nígbà tí omi inú igi kò pọ̀, wọn a sì tò ó sí abẹ́ ibòji kí ó gbẹ díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà là. Ìṣó kan ṣoṣo kò sí nínú ahéré náà. Ìtàkùn àti pàǹkẹ́rẹ́ ni a fi so gbogbo rẹ̀. Ní tútù ni a ń so ó, bí ó bá sì ti ń gbẹ ni ó ń fún mọ́ igi.

Ohun kẹta ni amọ̀. A ó wa ilẹ̀, a ó da omi sí i, a ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rí bí iyán tí a gún tí ó kúná. A ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, a ó tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni a ó mọ ọ́n ní ìpele kan yí gbogbo ilé ká, ìpele náà kì í sì í ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan àti ààbọ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń kùnà. Ẹni tí ó bá ń kánjú a fẹ́ mọ ìpele kejì lé e lórí ní ọjọ́ kejì, ògiri náà a sì sán. A gbọ́dọ̀ dúró kí ìpele ìsàlẹ̀ gbẹ kí ó tó ru òmíràn. Fún ìrẹ́ ara ògiri, bàbá àgbà a máa wá òkìtì ọ̀gán, wọn a fọ́ ọ, wọn a gún un, wọn a sì pò ó mọ́ amọ̀, nítorí pé erùpẹ̀ tí ikán ti fi ẹnu ara rẹ̀ pò kì í tètè yòrò nínú òjò. Wọn a máa fi í ṣe àwàdà pé ikán tí ó fẹ́ jẹ òpó wọn ni ó ń yá wọn ní amọ̀.

Ohun kẹrin ni òrùlé. Nínú igbó tiwa, ewé gbòdògì ni a fi ń bò ó. A ó to ọparun tàbí ọwá, èyíinì ni igi àárín imọ̀ ọ̀pẹ, lé ara igi òrùlé, a ó sì máa fi igi ewé gbòdògì há a lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti etí òrùlé nísàlẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa gòkè lọ, kí ìlà tí ó wà lókè lè máa bo ẹsẹ̀ ìlà tí ó wà nísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Òrùlé náà gbọ́dọ̀ dà gan-an, nítorí pé omi tí ó bá rí àyè dúró lórí ewé yóò wá ọ̀nà wọ inú ilé. Ní òpin gbogbo rẹ̀ ni a ó wá bo àtà, níbi tí apá méjèèjì gbé pàdé. Ewé ibẹ̀ a máa nípọn ju ti gbogbo ibi tí ó kù lọ.

Ohun karùn-ún ni iná. Ààrò wà nínú ilé, iná kì í sì í kú níbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Èéfín a gòkè lọ sí àjà, níbi tí a gbé so àgbàdo tí a fẹ́ gbìn, a gba inú ewé jáde, gbogbo igi òkè a sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni mí nígbà náà, èéfín a sì máa ta mí lójú; mo rò pé àìmọ̀kan àwọn àgbà ni ó jẹ́ kí wọ́n máa dáná nínú ilé. N kò mọ̀ pé èéfín ni oògùn tí kò jẹ́ kí kòkòrò jẹ igi àti ewé, ooru ààrò náà ni kò sì jẹ́ kí ọ̀rinrin mú ilé nígbà òjò.

Mo ti wá wo ìwé láti mọ̀ bí àṣà yìí ti rí ní ibòmíràn. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀, kò gbàgbé ọ̀rọ̀ ilé. Ó ṣe àlàyé pé amọ̀ ni ògiri, pé koríko ni a fi ń bo ilé ní ilẹ̀ ọ̀dàn, àti pé ewé gbòdògì ni wọ́n ń lò nínú igbó. Èyí kò yà mí lẹ́nu, nítorí pé ohun tí ilẹ̀ bá hù ni onílẹ̀ ń lò. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ronú sí i. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé fọ́ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún 19, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó kúrò ní ọ̀dàn tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí igbó àti inú igbó. Wọ́n bá ewé mìíràn pàdé, igi mìíràn, ilẹ̀ mìíràn. Ẹni tí ó ti ń fi koríko bo ilé láti ìgbà baba rẹ̀ ní láti jókòó ti onígbó kí ó kọ́ bí a ti ń ha gbòdògì. Ìwé kankan kò kọ ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá kọ́ ọ ni, òjò ìbá ti pa wọ́n.

Ní Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ koríko ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Bẹẹrẹ ni koríko tí wọ́n kà sí jùlọ, ọdún Bẹẹrẹ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọdún pàtàkì ìlú náà. Nígbà náà ni àwọn ará ìlú àti àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Aláàfin a máa ru bẹẹrẹ wá sí ààfin kí a lè fi bo ilé ọba. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa. Òrùlé ọba tí ó tóbi jùlọ ní ilẹ̀ Yorùbá, koríko ni. Gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé koríko kì í pẹ́. Ṣùgbọ́n dípò kí wọ́n wá ohun tí yóò pẹ́ ju koríko lọ, wọ́n fi títún un ṣe sínú ọdún, wọ́n sì fi ìlù àti ijó sí i. Ìlú tí ó bá ru bẹẹrẹ wá ti jẹ́wọ́ pé òun mọ olórí òun. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí kò pẹ́ ṣe di okùn tí ó so ilẹ̀ ọba pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní ààfin kí a lọ sí ojú ogun. Àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ ni àwọn jagunjagun fi ń bẹ̀rẹ̀ ní ibùdó. Bí ogun bá pẹ́, àtíbàbà a di ilé amọ̀. Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí, ibùdó ogun ni láti nǹkan bí 1829. Àwọn tí wọ́n dó síbẹ̀ kò padà lọ, ibùdó náà sì di ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ó tóbi jùlọ ní Áfíríkà. Nígbà ogun Kírìjì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀ dojú kọ ara wọn nínú igbó orí òkè láàárín Ìgbàjọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n dáko síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀. Ní 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, wọ́n sì tú ibùdó méjèèjì ká. Òkè-Igbó náà, ní ìhà tiwa, inú igbó ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní àkókò ìjà àti ìsásáàsákiri wọ̀nyí. Ọlọ́gbẹ́nlá ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Nígbà tí wọ́n sì mú un ní Ọọ̀ni ní 1880, kò fi Òkè-Igbó sílẹ̀ lọ gbé ní Ifẹ̀.

Kí ni mo rí kọ́ nínú èyí? Mo kọ́ pé irú amọ̀ kan náà, irú igi kan náà, àti ọwọ́ kan náà ni ó ń kọ́ ilé ọ̀sẹ̀ kan tí ó sì ń kọ́ ilé ìran mẹ́ta. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí ẹni tí ó kọ́ ọ bá ti pinnu láti pẹ́ sí.

Kòkó fi òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn ju ogun lọ. Nígbà tí iṣu ni olórí irè oko, àgbẹ̀ a lo ilẹ̀ fún ọdún díẹ̀, a sì fi í sílẹ̀ kí ó sinmi. Kò sí ìdí tí yóò fi kọ́ ilé tí ó nípọn sí ibi tí òun yóò kúrò. Ṣùgbọ́n láti òpin ọ̀rúndún 19 wá ni kòkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní Agége, ní agbègbè Ìbàdàn, àti ní àwọn igbó ìhà ìlà-oòrùn lẹ́yìn náà. Igi kòkó a máa lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó so, bí ó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ó lè máa so fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ó bá gbin kòkó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sínú ilẹ̀. Nígbà náà ni ahéré kan di méjì, méjì di mẹ́wàá, ó sì di abà tí a ń fi orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ débẹ̀ pè. Ẹni tí ó bá gba inú igbó Oǹdó tàbí ti Ifẹ̀ kọjá yóò rí abà bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Kòkó yìí kan náà ni ó mú páànù wọ inú igbó. Láti ọ̀rúndún 19 ni páànù ti wà ní Èkó, ṣùgbọ́n ẹrù wíwúwo ni, orí ènìyàn kò sì lè rù ú jìnnà. Nígbà tí ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ọ̀nà là fún un. Owó kòkó ni a fi rà á. Òrùlé tí ó ń dán di àmì pé ọwọ́ ti tẹ owó, ẹni tí ilé rẹ̀ ṣì jẹ́ ewé sì di ẹni tí a ń káàánú. N kò bá páànù jà. Òun ni ó gba ọ̀pọ̀ ìlú lọ́wọ́ iná. Nígbà tí gbogbo òrùlé ìlú jẹ́ koríko, ẹ̀ta iná kan ṣoṣo nígbà ọyẹ́ lè sọ àdúgbò kan di eérú. Àwọn àgbà ní, "Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i". Ṣùgbọ́n ilé tálákà tí ó jó, ìyà ni ó bù sí i.

Wàyí o, mo dé ibi tí ó kan èmi fúnra mi. Ní 1991, nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, mo ṣe iṣẹ́ nígbà ọlidé, mo sì rí owó díẹ̀. Mo lọ sí oko, mo bá bàbá àgbà níbi tí wọ́n gbé ń to gbòdògì láti tún apá kan òrùlé ṣe. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí a sinmi iṣẹ́ yìí. Ilé ewé kì í ṣe ilé ẹni tí ó ní ọmọ ní yunifásítì. Ilé tí à ń tún ṣe lọ́dọọdún, ṣé ilé nìyẹn?" Wọn kò fèsì kíákíá. Wọ́n ní, "Ìwọ ha ti rí ilé tí a kì í tún ṣe rí?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ra ìdì páànù kan, mo háyà àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, a ṣí ewé kúrò, a sì kan páànù mọ́ ọn láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo jìnnà sẹ́yìn láti wò ó bí oòrùn ti ń tàn sí i lára.

Páànù náà kò tó. Láti jẹ́ kí ó tó, a gé etí òrùlé kúrú, a sì jẹ́ kí òrùlé náà tẹ́ ju ti àtijọ́ lọ. Kí èéfín má baà ba dídán rẹ̀ jẹ́, mo bẹ bàbá àgbà pé kí wọ́n gbé ààrò síta. Wọ́n sì gbé e síta nítorí tèmi. Nígbà tí ó di ọ̀sán, inú ilé gbóná bí ààrò ẹlẹ́kọ. Nígbà tí òjò dé, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì. Kò pẹ́ tí bàbá àgbà fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sùn ní abà ọ̀rẹ́ wọn. Wọn kò sọ fún mi. Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ òjò tí ó ti máa ń bọ́ sí ibi jíjìnnà bẹ̀rẹ̀ sí í ta sí ìdí ògiri, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń rẹ́ ẹ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀. Kò sí èéfín, ikán sì gòkè. Ní òjò ọdún kẹrin, 1995, ògiri ẹ̀yìn ṣubú ní òru, òrùlé sì tẹ̀ lé e. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kẹta ni àwọn tí ń lọ sí oko tó rí i.

Mo sáré lọ. Mo bá bàbá àgbà níbi tí wọ́n gbé jókòó lórí ọ̀kan nínú àwọn òpó náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Wọn kò bá mi wí. Wọ́n fi ọwọ́ pa igi tí wọ́n jókòó lé, wọ́n ní, "Òpó yìí kò ní àbùkù kankan." Òótọ́ ni. Ìrókò náà le síbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ ní ọdún 48 sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbé ìlú pátápátá. Wọ́n ní kò sí ibi tí àwọn yóò sùn ní oko mọ́. Ní ọdún kejì, wọ́n re ibi àgbà ń rè.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń sọ pé gbòdògì dára ju páànù lọ. Bí ó bá jẹ́ pé mo ra ìdì méjì ni, tí mo jẹ́ kí etí òrùlé wá sílẹ̀, tí mo sì jẹ́ kí ààrò wà níbi tí ó wà, bóyá ahéré náà ìbá dúró títí di òní. Àṣìṣe mi kì í ṣe ti páànù. Àṣìṣe mi ni pé mo rò pé mo lè ra ohun tí yóò gba títún ilé ṣe lọ́wọ́ wa. Òrùlé bàbá àgbà fi ju ogójì ọdún lọ gba òjò dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ewé kan lórí rẹ̀ tí ó pé ọdún márùn-ún. Ewé ń lọ, òrùlé ń bẹ. Ohun tí ó pẹ́ níbẹ̀ ni àárò àti ọ̀wẹ̀: lónìí a ó lọ bá lágbájá tún tirẹ̀ ṣe, lọ́la yóò wá bá wa tún tiwa, àna a máa wá bo ilé àna rẹ̀, a ó jẹun, a ó mu ẹmu, àwọn ọmọdé a sì máa gbé ewé fún àgbà tí wọ́n fi ń fi ojú kọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo kan páànù, ọ̀wẹ̀ parí ní ilé wa. Kò sí ẹni tí a nílò mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì nílò wa. Ilé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wó láti ìgbà náà ni.

Nítorí náà, ìdáhùn mi fún ọ̀rẹ́ wa tí ó sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà ni èyí. Òótọ́ ni pé amọ̀ a máa yòrò, òótọ́ sì ni pé ewé a máa jẹrà. Ṣùgbọ́n kò tọ́ láti sọ pé ohun tí à ń tún ṣe kò ní ìtàn. Bẹẹrẹ tí a rù wá sí ààfin, ẹ̀kọ́ tí ará ọ̀dàn kọ́ lọ́dọ̀ onígbó, àtíbàbà ogun tí ó di ìlú, ahéré àgbẹ̀ oníṣu tí ó di abà oníkòkó: ìtàn ni gbogbo wọn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí a lè kà lára òkúta. Ara ọwọ́ àwọn ènìyàn ni wọ́n wà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi wà nínú ewu. Òkúta lè dúró dè wá ní ẹgbẹ̀rún ọdún títí a ó fi ráyè wá kà á, ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í dúró. Nígbà tí mo padà lọ sí ìhà oko wa láìpẹ́ yìí, mo bèèrè ẹni tí ó ṣì lè ha gbòdògì. Wọ́n júwe bàbá kan ṣoṣo fún mi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, ojú wọn ti fọ́, ṣùgbọ́n mo fi ewé lé wọn lọ́wọ́, àwọn ìka wọn sì há a láìṣì.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa kò pọ̀. Nígbà tí ọlidé bá dé, kí olúkúlùkù wa bèèrè ní ilé rẹ̀ irú igi tí a fi ṣe òpó, irú ewé tàbí koríko tí a fi bo ilé, orúkọ tí a ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tí ó ń bá ẹni ṣe é. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ̀kan, ìbáà ṣe ilé adìyẹ.

Mo wí pé n óò padà sí orí òwe. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àwọn àgbà mìíràn náà a máa pa á bí bàbá àgbà mi ti ń pa á, àti pé eyín kò jẹ̀bi. Ẹni tí ó ní àtàn ni yóò kẹ́yìn ilé ń wo ilé láti ìgbà tí ó ti wó. Ẹni tí ó ní àtà ni yóò kẹ́yìn ilé ń wò ó láti ọwọ́ ẹni tí ó ń kọ́ ọ, tí ó mọ̀ pé lẹ́yìn ilẹ̀, lẹ́yìn igi, lẹ́yìn amọ̀, òun yóò ṣì gun òkè lọ bo ṣóńṣó rẹ̀, àti pé bí ọdún bá yí po, òun yóò tún gun ibẹ̀. Òwe méjèèjì ni ó tọ̀nà. Àwa tí à ń kọ ìtàn ti mọ ti àtàn dáadáa, nítorí pé orí àtàn ni a ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wa. Bàbá àgbà mi fi ti àtà lé mi lọ́wọ́, mo sì pẹ́ kí n tó gbà á.